Ọkọ̀ Iná Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn epo bẹntiróòlù jẹ́ òórùn bàbá mi. Kí ó tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ni òórùn náà á ti ṣíwájú rẹ̀ dé yàrá. Ó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ tó fi ń jẹun, kò sì sí ọṣẹ tó ràn án. Ìyá mi a máa ṣàròyé pé òun rò pé ọkùnrin lòun fẹ́, òun kò mọ̀ pé ilé epo ni. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní ilé epo náà ṣáà ni kò jẹ́ kí ebi pa á. Awakọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni bàbá mi. Ó ti ń ná ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́ ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kan náà, nígbà tí àwọn ará Èkìtì sì gba ìpínlẹ̀ tiwọn, ó wà lára àwọn awakọ̀ tó bá wọn kó àga àti tábìlì wọn lọ sílé. Ojú ọ̀nà Oǹdó yẹn náà ló ti pàdé ìyá mi, tíṣà ọmọ Oǹdó tí wọ́n gbé wá sí Àkúrẹ́, tó máa ń wọ ọkọ̀ lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Èmi ni àkọ́bí wọn. Wọ́n ní ojú mi àti ojú ìyá tó bí bàbá mi, ọ̀kan náà ni, nítorí náà bàbá mi kò pe orúkọ mi rí. “Ìyá mi” ló máa ń pè mí.

Lẹ́yìn náà ni epo wọ́n bí ojú. Ohun tó máa ń kù sí bàbá mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrìn àjò kan kò wá tó ra epo ìrìn àjò kejì mọ́. Ó ń fara dà á, ó ń wakọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń sinmi lọ́jọ́ kejì, títí tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà fi nọ́ọ̀kì. Mẹkáníìkì tú u, ó wò ó, ó mi orí, ó ní kí bàbá mi lọ wá tòkunbọ̀ mìíràn. Báyìí ni ọkọ̀ náà ṣe wọ inú ọgbà ilé wa tí kò jáde mọ́. Ẹni tí kò jókòó sílé rí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé. Ní ìdájí, bàbá mi á wẹ̀, á wọ aṣọ iṣẹ́, á lọ jókòó sídìí ọkọ̀ tí kò lè lọ síbì kankan, á yí gíláàsì sílẹ̀, á gbé ìgúnpá lé ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Àwọn aládùúgbò á kí i, á dáhùn, á sì padà máa wo ògiri tó wà níwájú rẹ̀. Ó ń rù. Ìyá mi fà mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní bí bàbá mi kò bá padà sójú ọ̀nà, ojú wa báyìí ni yóò ṣe tán. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá láyé, pé kí bàbá mi tún wakọ̀ lọ sí Oǹdó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà ni, mo kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Iléeṣẹ́ kékeré kan gbà mí, iṣẹ́ wa sì ni láti máa bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Ijapo Estate to bátìrì ńláńlá sílé, èyí tí yóò máa tanná fún wọn nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ Ìkàrẹ́, ọmọ Òkìtìpupa, gbogbo wọn ló ń pè mí ní ẹnjiníà, orí mi sì ń wú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni mo ní nígbà náà, mo ní in dáadáa. Mo wò ó pé kí la tún fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn tí yóò máa mu epo bí ọ̀mùtí fún. Ṣebí àwọn òyìnbó ti ń fi iná mànàmáná wakọ̀. Kí a yọ ẹ́ńjìnnì dànù, kí a fi ẹ̀rọ tó ń lo iná sípò rẹ̀, kí a to bátìrì sínú búùtù, ó parí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Ìkàrẹ́, ní ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun. Ó ní bí ti bàbá mi bá yọrí, gbogbo awakọ̀ tó wà ní gáréèjì ni yóò wọ́ ọkọ̀ wọn wá bá wa. A kò tíì fọwọ́ kan irin kankan tí a fi ń jiyàn lórí àwọ̀ tí a máa kun pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù wa.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó wá bi mí pé bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì náà, ṣé ó ṣeé dá padà. Mo ní kí la fẹ́ dá a padà fún. Ọkùnrin kan láti Ìlú-Àbọ̀, tó ní ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ló wá gbé ẹ́ńjìnnì náà, ó ní òun á rí nǹkan tú lára rẹ̀. Bàbá mi bá a gbé e sínú ọkọ̀ tó gbé wá, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò, ó sì wọlé.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo tó mọ̀ pé kò sí ohun kan nínú ọkọ̀ iná tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa. Ẹ̀rọ tí yóò máa yí táyà, ara ọkọ̀ agbẹ́rù kan tó ti di àlòkù la ti tú u. Irin tí yóò so ẹ̀rọ náà mọ́ gíà, wẹ́dà gé e, kò bára mu, ó tún un gé, kò bára mu. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò nípọn ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí gbogbo ọkọ̀ máa gbọ̀n. Èyí tó wá le jù ni bátìrì. Bátìrì ọkọ̀ iná kì í ṣe ẹyọ kan. Kéékèèké ni wọ́n, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí òkúta tọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ wọn la máa ń so pọ̀ kí wọ́n tó lè gbé ọkọ̀. Ṣáínà ni wọ́n ti ń wá, èbúté Èkó sì ni tiwa há sí. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá. Ní gbogbo àárọ̀, bàbá mi á bi mí pé ṣé wọ́n ti dé, débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jáde kí ó tó jí.

Nígbà tí wọ́n dé, àwọn kan nínú wọn ti kú. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi jókòó sílẹ̀, à ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, èyí tó dára lọ́tọ̀, èyí tó ń ṣe ségesège lọ́tọ̀. Èyí tó dára kò tó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti lè ra ẹyọ kan ní Àkúrẹ́. A mú àwọn tó ń ṣe ségesège díẹ̀ kún un. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ìka kan bá ń dun èèyàn, ṣe ni yóò rọra sọ̀yà náà. Bátìrì tó rẹ̀ ẹ́ a máa fa gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kò sì rí nǹkan mìíràn ṣe.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ rìn nínú ọgbà, ìyá mi ní a kò gbọdọ̀ gbé e sójú títì láìgbàdúrà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọkọ̀ tuntun ní ìjọ wa: bí ìsìn bá parí, gbogbo èèyàn á yí ọkọ̀ ká, alàgbà á fi òróró sí iwájú rẹ̀, á sì ka gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ rí. Alàgbà wa ti gbàdúrà sórí ọkọ̀ tó pọ̀, kò ní láti ronú kí ó tó sọ ọ́. Ó ní ọkọ̀ yìí kò ní rí ẹ̀jẹ̀, a ní àmín. Ó ní kò ní rí àgbákò, a ní àmín. Ó wá gbé ohùn sókè, ó ní, “Ọkọ̀ yìí kò ní fojú kan iná láéláé!” Gbogbo ìjọ ṣe àmín tí ó mi ilẹ̀. Èmi ẹnjiníà náà ṣe é, ohùn mi tilẹ̀ ga ju tàwọn mìíràn lọ. Ẹlẹgbẹ́ mi nìkan ni kò lanu. Ó rọra bi mí létí pé kí wá ni ọkọ̀ náà yóò máa jẹ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú. Iná lọ, kò sì dé mọ́. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ di àwàdà, wọ́n ní àdúrà alàgbà wa mà kúkú ń gbà. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà, ó lọ bá alàgbà nílé, ó ní kí ó bá òun tú àdúrà náà. Alàgbà dé, ojú tì í, ó tún gbé ọwọ́ lé ọkọ̀, ó ṣàlàyé fún Olúwa pé iná tó ń jó lòun wí, kì í ṣe iná tó ń tàn. Bóyá Olúwa gbọ́, èmi kò lè sọ, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kí wọ́n wá tún tiransifọ́mà ṣe kò gbọ́. Nígbà tí a dúró dúró, a yá jẹnẹrétọ̀ láti fi gba iná sí ọkọ̀. Jẹnẹrétọ̀ sì ń mu epo. Báyìí ni bàbá mi ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì, tó lọ tò sí ilé epo láàárín àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, láti ra epo fún ọkọ̀ tí kì í mu epo. Wọ́n bi í ní ohun tó fẹ́ fi epo ṣe, ó sì sọ fún wọn, nítorí kì í parọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Nígbà tó délé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà fún mi. Mo fẹ́ kí ó bínú sí mi, kò bínú.

Orúkọ ọkọ̀ náà tún di wàhálà ní gáréèjì. Agbèrò tó ń pe èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, “Oǹdó, Oǹdó, ọkọ̀ uná rè é!” Àwọn tó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé gbé e jáde. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ wọ ọkọ̀ iná? Obìnrin kan bá bàbá mi wí ní èdè Oǹdó, ó ní ṣé ẹ̀mí òun ló fẹ́ fi dán an wò. A ní kí agbèrò yí i padà sí ọkọ̀ oníbátìrì. Bíríkìlà kan dá a dúró, ó bi í pé ṣé irú èyí tí wọ́n máa ń rà fún àwọn ọmọdé nígbà Kérésì ni. Mo rí ojú bàbá mi. Láàárín iná àti ohun ìṣeré, kò sí orúkọ kan tí ọkùnrin tó ti wakọ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun lè jẹ́ láìtijú. Ọkọ̀ mìíràn kún, ó lọ, òmíràn kún, ó lọ. Ṣe la gbé ọkọ̀ wa padà sílé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí kò sí epo rárá ní Àkúrẹ́, iná tí a fi jẹnẹrétọ̀ gbà sí ọkọ̀ wa sì ṣì wà nínú rẹ̀. Gáréèjì ṣófo, èrò kún ibẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ọkọ̀ ń jẹ mọ́. Ìyá àgbà kan ọmọ Oǹdó, òṣìṣẹ́ ìjọba kan àti ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sẹ́yìn. Èmi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, mo gbé ojú mi lé ọfà kékeré tó ń sọ iye iná tó kù. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́, kò sí ariwo, ó rò pé kò tíì gbà. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ sì rìn. A jáde ní Àkúrẹ́. Ojú ọ̀nà dá páro, kò sí ọkọ̀, igbó kòkó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tó yá, bàbá mi yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí n kò tíì rí lójú rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti wọ ọgbà. “Ìyá mi,” ó ní, “mò ń gbọ́ ẹyẹ.” Gbogbo ọdún tó fi ná ọ̀nà yẹn, ariwo ẹ́ńjìnnì ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ wọn rí. Inú mi dùn débi pé ẹkún gbọ̀n mí.

A kọjá Ọ̀wẹ̀nà, a gun afárá, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọfà kékeré náà kò rọra wálẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣe ló jábọ́. Ọkọ̀ ń fà, ó ń fà, ó dúró. Bàbá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó já ewé, ó fi sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i. Ó wá ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé àṣà ló mú un ṣe é. Kò sí ìgbà tí ọkọ̀ dákú sí i lọ́wọ́ rí tí kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe. Ó lè fi okùn so ohun tó já, ó lè fi ẹnu fa epo, ó lè fi ọṣẹ dí táǹkì tó ń jò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró lókè ibi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀, wọn kò rí ibi tí wọn yóò bà lé. Ó wá wò mí.

“Ìyá mi, kí ni kí n ṣe?”

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ kí bàbá mi béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Àwọn bátìrì tó rẹ̀ wẹ̀sì yẹn ti kú, ìyẹn ló gé iná àwọn yòókù. Mo mọ̀ ọ́n tán, ìmọ̀ náà kò sì wúlò fún nǹkan kan, nítorí ohun tí yóò wò ó sàn kò sí ní Ọ̀wẹ̀nà, kò sí ní Àkúrẹ́, òkè òkun ló wà. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ó mi orí, ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ọkùnrin kan sáré jáde láti inú ahéré kan tòun ti kẹ́ẹ̀gì epo tó fi pamọ́, ó ní òun á tà á fún wa ní ọ̀pọ̀. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

A dúró títí oòrùn fi yẹ̀ kí ọkọ̀ kan tó kọjá, tí ó gba àwọn èrò wa. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé apẹ̀rẹ̀ ìyá àgbà náà wọlé. Ìyá náà kò bínú rárá. Ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.” Èébú ìbá sàn fún bàbá mi. Ọkọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi okùn fà wá padà sí Àkúrẹ́.

N kò jáwọ́ kíákíá. Mo tún kọ̀wé sí àwọn tó ta bátìrì, wọ́n ní iye tí a rà á tẹ́lẹ̀ ti di ìtàn. Mo tọ àwọn olùkọ́ mi lọ, wọ́n yìn mí, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi ará Ìkàrẹ́ rí ìwé àṣẹ láti lọ sókè òkun, ó sì lọ. Nígbà tó yá tí iná ìjọba tún ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá mi ní bátìrì tí kò lè gbé ọkọ̀ yẹ kí ó lè tan gílóòbù. Mo yọ àwọn tó dára, mo tò wọ́n sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, ilé wa sì di ilé tó níná ju gbogbo àdúgbò lọ. Àwọn aládùúgbò ń kó fóònù wọn wá. Wọ́n ń yìn mí. Bàbá mi náà jókòó sábẹ́ iná náà, ó ń gbọ́ rédíò, kò lọ jókòó sínú ọkọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ó ti pe àwọn tó ń ra irin, wọ́n ti gbé ìyókù ọkọ̀ náà lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọkọ̀ iná ń bọ̀, pé ọkọ̀ èrò tó ń lo iná kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń bi mí bóyá ó ṣeé ṣe, mo sì máa ń ní ó ṣeé ṣe. Mo gbà á gbọ́ títí di òní. Bí iná bá wà, bí a bá ń ṣe bátìrì nílé, bí ohun tó bàjẹ́ bá ṣeé rà ní tòsí, yóò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ̀nyẹn kò sí lọ́wọ́ mi nígbà náà, wọn kò sí lọ́wọ́ mi nísinsìnyí, ọjọ́ ogbó kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí mo rí bínú sí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Lọ́dún tó kọjá, èmi pẹ̀lú bàbá mi wọ ọkọ̀ lọ síbi ìrántí ìyá ìyá mi ní Oǹdó. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà, bàbá mi ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bó ṣe rí i, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ọ̀gá òun wá jókòó níwájú. Bàbá mi ní ẹ̀yìn tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ̀yìn náà ló jókòó sí títí a fi dé. Àwọn awakọ̀ ní òfin kan láàárín ara wọn, pé awakọ̀ kì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, ì báà ti fẹ̀yìn tì, ì báà má ní táyà kan ṣoṣo mọ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Oǹdó tí àwọn èrò ń sanwó, bàbá mi mú owó tirẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn, ó ní kí ọ̀gá òun má ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Bàbá mi mú ọwọ́ rẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi owó náà sí i, ó sì pa á dé.

“Gbà á,” ó ní. “Èrò ni mí.”

Ọkùnrin náà di owó náà mú, kò mọ ibi tí yóò fi sí, ó ń wò mí bóyá mo lè sọ nǹkan kan.